Àgùntàn tí bàbá jí: Confucius àti ìjà lórí ohun tó yẹ kó kárí ayé

Ìjòyè kan ló ń fi ìlú rẹ̀ yangàn níwájú Confucius, amòye ará Ṣáínà ìgbàanì. Ó ní lọ́dọ̀ tòun, ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olóòótọ́ débi pé nígbà tí bàbá rẹ̀ jí àgùntàn, òun gan-an ló lọ jẹ́rìí ta kò ó. Confucius ní lọ́dọ̀ tàwọn, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí wọ́n ń pè ní olóòótọ́: bàbá a máa bo ọmọ láṣìírí, ọmọ náà a sì máa bo bàbá láṣìírí. Ó ní inú ìyẹn ni òótọ́ wà.

Ìtàn náà ò ju ìlà mélòó kan lọ nínú Lunyu, ìwé tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jọ sí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Síbẹ̀, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí wọ́n ti ń fà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti yé òun: ẹbí ni ará Ṣáínà mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ohun tí àwọn ìjọba kan ní Éṣíà fúnra wọn ń sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ayé fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan mọ́. Àwọn èèyàn ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta èèyàn ó lé mẹ́ta ní Ṣáínà fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ìwé Àdéhùn 08. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òmìnira, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìdọ́gba jẹ́ ohun tó kárí gbogbo ọmọ aráyé. Lédè wọn, wọ́n ń pe èyí ní pushi jiazhi, ìyẹn ìlànà tí gbogbo ayé jọ ní. Wọ́n gbé Liu Xiaobo, ọ̀kan lára àwọn tó léwájú nínú rẹ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà lọ́dún 2010, àmọ́ àga òfìfo ni wọ́n gbé ẹ̀bùn náà lé ní Oslo torí ó wà lẹ́wọ̀n. Abẹ́ àtìmọ́lé náà ló kú sí lọ́dún 2017.

Lọ́dún 2013, ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó ń ṣèjọba ní Ṣáínà fi ìwé kan ránṣẹ́ sí àwọn aṣáájú rẹ̀, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Ìwé Kẹsàn-án. Èrò méje ni wọ́n ní kí wọ́n ṣọ́ra fún nínú rẹ̀, pushi jiazhi sì wà lára wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Xi Jinping, ààrẹ Ṣáínà, lọ sí Qufu ní ẹkùn Shandong, ìlú tí wọ́n bí Confucius sí. Ó mú ìwé méjì lórí tábìlì, ó ní òun máa fara balẹ̀ ka àwọn ìwé yìí. Àwòrán náà tàn kálẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ wọ Qufu ní oṣù Kọkànlá ọdún 1966, tí wọ́n fọ́ ère, tí wọ́n ba òkúta ìrántí jẹ́, tí wọ́n sì hú sàréè àwọn ìran Confucius.

Kí ló dé tí wọ́n wá ń wá baba tí wọ́n ti lé jáde? Ìgbàgbọ́ nínú Marx, baba ẹ̀kọ́ Kọ́múníìsì, ti rẹlẹ̀ lọ́kàn aráàlú, ìjọba sì nílò ohun tó jẹ́ ti ilẹ̀ wọn, tó lè fi sọ pé a ní tiwa, ẹ ní tiyín. Àmọ́ kò dá wọn lójú pátápátá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, wọ́n gbé ère Confucius oníbàbà kan, tó ga tó mítà 9.5, síwájú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó dojú kọ gbàgede Tiananmen ní Beijing. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ilẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ò rí i mọ́. Wọ́n ti gbé e wọ inú àgbàlá, níbi tí ẹni tó ń kọjá lójú títì ò ti lè rí i. Orúkọ rẹ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Ṣáínà nínú ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọkà, orúkọ Confucius ló ń jẹ́, bíi ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ tí ìjọba Ṣáínà ti ń dá sílẹ̀ káàkiri ayé láti ọdún 2004.

Ta wá ni ọkùnrin náà? Kongzi ni wọ́n ń pè é nílé. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì láti Yúróòpù ló sọ orúkọ rẹ̀ di Confucius lédè Látìnì. Ọdún 551 ṣáájú ìbí Jésù ni ìtàn sọ pé wọ́n bí i, ní ilẹ̀ ọba kékeré kan tó ń jẹ́ Lu, níbi tí Qufu wà. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ipò òun rẹlẹ̀ lọ́mọdé, ìdí nìyẹn tí òun fi mọ iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ọmọ ọlọ́lá kì í ṣe. Ìgbà ogun ni. Ọba ń pa ọba, ọmọ ń pa bàbá nítorí oyè. Ó fi bí ọdún mẹ́rìnlá kiri láàfin sí ààfin, ó ń wá ọba tó máa gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Kò rí. Ó padà sílé, ó ń kọ́ ọmọ, ó sì kú lọ́dún 479 ṣáájú ìbí Jésù.

Ọ̀rọ̀ tó di ẹ̀kọ́ rẹ̀ mú jù lọ ni ren. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí: àmì èèyàn, kí àmì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èèyàn pẹ̀lú èèyàn. Ó ṣòro láti túmọ̀ sí èdè òyìnbó, àwọn kan ń pè é ní inú rere, àwọn mìíràn ní ìfẹ́. Lédè tiwa, mo rò pé a sún mọ́ ọn ju òyìnbó lọ. Tí Yorùbá bá ní "lágbájá ò ṣèèyàn", kì í ṣe pé lágbájá di ẹranko. Bó ṣe ń bá ẹlòmíràn lò ni wọ́n ń sọ. Ohun tí Confucius ń wí náà nìyẹn: a bí wa ní èèyàn lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ ara wa la ti ń ṣèèyàn. Ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀ fún òbí, ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, kó tó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, kó tó dé ìlú.

Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan, Zigong, bi í pé ṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà tí èèyàn lè dì mú títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ní ó wà: ohun tí o ò bá fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọ, má ṣe é sí ẹlòmíràn. Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀pá gún ọmọ ẹyẹ wà nínú òwe tiwa náà, a sì ti mọ ohun tí òwe ní kó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé ará Lu nìkan, tàbí ọmọ Ṣáínà nìkan, ni kí Zigong máa rò bẹ́ẹ̀ sí.

Ẹni tó tú ẹ̀kọ́ yìí palẹ̀ ju òun gan-an lọ ni Mencius, tó wá ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mencius ní ká ní ọmọ kékeré kan fẹ́ já sínú kànga. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣàdédé rí i, àyà rẹ̀ á já. Kì í ṣe torí pé ó fẹ́ wá ojú rere òbí ọmọ náà, kì í ṣe torí kí àwọn ará àdúgbò lè yìn ín. Àyà á kàn já ni. Mencius ní ẹni tí kò bá ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èèyàn. Mo ti ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí ibi tó ti bèèrè ọmọ ta ni ọmọ náà.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé nígbà tí ayé fẹ́ kọ ohun tó kárí gbogbo wa sílẹ̀, ìyẹn Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí jókòó sídìí tábìlì. Zhang Pengchun lorúkọ rẹ̀, P. C. Chang ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ará Tianjin ni, olùkọ́ ni, ó fẹ́ràn eré orí ìtàgé débi pé ó wà lára àwọn tó ṣètò ìrìn àjò gbajúmọ̀ òṣèré Mei Lanfang sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1930. Òun ni igbákejì alága ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, Eleanor Roosevelt ni alága. Roosevelt sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tóun gbà wọ́n lálejò nílé òun ní New York ní oṣù Kejì ọdún 1947, Chang dá a lábàá pé kí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà fi oṣù mélòó kan kọ́ ẹ̀kọ́ Confucius kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohunkóhun.

Nígbà tí wọ́n kọ ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀, làákàyè nìkan ni wọ́n fi júwe ọmọnìyàn. Chang ní kò tó. Ó ní èèyàn kì í ṣe ẹ̀dá onílàákàyè lásán, ó ń mọ ẹlòmíràn lára. Ó mú ren wá fún wọn, ó ṣàlàyé àmì èèyàn àti àmì méjì. Òyìnbó ò ní ọ̀rọ̀ fún un, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní ẹ̀rí-ọkàn dípò rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan tún fẹ́ kí wọ́n dárúkọ Ọlọ́run síbẹ̀, Chang náà ló ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ̀sìn gbogbo ayé kì í ṣe ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kí àyè gba gbogbo wa. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, ní Palais de Chaillot ní Paris, orílẹ̀-èdè 48 fọwọ́ sí Ìkéde náà, 8 fà sẹ́yìn, kò sí ẹyọ kan tó ta kò ó.

Ẹ jẹ́ ká ka ìlà náà bó ṣe wà lédè tiwa nínú ìtumọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde: "Gbogbo ènìyàn ni a bí ní òmìnira; iyì àti ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba. Wọ́n ní ẹ̀bùn ti làákàyè àti ti ẹ̀rí-ọkàn, ó sì yẹ kí wọn ó máa hùwà sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá." Ẹ̀rí-ọkàn tó wà níbẹ̀ yẹn, láti Qufu ló ti rìn wá.

Mi ò ní fi ìdí kejì ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀ lọ́dún 1948. Abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì la wà, Dahomey, tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí, wà lábẹ́ Faransé. Àwọn tó ń ké òmìnira ní Paris ló ń gba owó orí lọ́wọ́ wa láìbi wá ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ní òun ń fura sí ọ̀rọ̀ "gbogbo ayé" lẹ́nu wọn ò jẹ̀bi. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí ẹni tó ń fìyà jẹ aráàlú rẹ̀ lónìí máa fi ìfura yẹn ṣe bora.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọdún 1993. Nígbà yẹn, owó ti dé sí Singapore, Malaysia àti àwọn aládùúgbò wọn, Lee Kuan Yew, tó ti ṣolórí ìjọba Singapore, àti Mahathir Mohamad, olórí ìjọba Malaysia nígbà náà, sì ń sọ ọ́ káàkiri pé ìwà àwọn ará Éṣíà yàtọ̀: ẹbí ṣáájú ẹnì kan, ìbáwí ṣáájú òmìnira, ọ̀wọ̀ fún aláṣẹ. Ní ìparí oṣù Kẹta wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, àwọn ìjọba Éṣíà pàdé ní Bangkok. Wọ́n gbà pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kárí ayé, àmọ́ wọ́n ní kí wọ́n máa wo ìtàn, àṣà àti ẹ̀sìn orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Lee tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ìwé ìròyìn Foreign Affairs gbé jáde.

Kim Dae-jung ló fún un lésì nínú ìwé ìròyìn kan náà lọ́dún 1994. Kì í ṣe òyìnbó. Ará Kòríà Gúúsù ni, ilẹ̀ tí ẹ̀kọ́ Confucius ti wọ̀ lára ju ibi púpọ̀ lọ. Àwọn aṣojú ìjọba ológun jí i gbé ní Tokyo lọ́dún 1973, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa á. Lọ́dún 1980 wọ́n dájọ́ ikú fún un, kí ọwọ́ ayé tó gbà á sílẹ̀. Kim ò sọ pé kí wọ́n ju Confucius nù. Ìwé Mencius ló ṣí. Ó ní Mencius ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé ọ̀run ló fi ìlú síkàáwọ́ ọba, tí ọba bá sì ń ṣe ìkà, aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti dìde sí i. Lọ́dún 1998 wọ́n búra fún Kim gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Orí ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún dé orí àga, ìbò ló sì gbé e débẹ̀.

Ká sòótọ́, àwọn ọba Ṣáínà ti mọ ohun tó wà nínú Mencius kí Kim tó ṣí i. Ọba Hongwu, tó dá ìjọba Ming sílẹ̀, ka ibi tó ti sọ pé tí ọba bá fojú èérí wo ìjòyè, ìjòyè á fojú ọ̀tá wo ọba. Inú bí i. Ó ní kí wọ́n yọ pákó orúkọ Mencius kúrò nínú tẹ́ńpìlì Confucius, ó sì ní kí wọ́n ta ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀bẹ̀ lọ́fà. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Qian Tang ṣí aṣọ láyà, ó wọlé lọ bẹ̀bẹ̀. Ó ní bóun bá kú nítorí Mencius, ikú iyì ni. Pákó náà padà síbi tó wà. Àmọ́ lọ́dún 1394, Hongwu ní kí wọ́n gé ibi 85 kúrò nínú ìwé náà, ó sì ní kí wọ́n má fi ibẹ̀ ṣe ìdánwò mọ́. Lára ohun tí wọ́n gé ni gbólóhùn yìí: aráàlú ló níyì jù, ilẹ̀ àti oúnjẹ tẹ̀ lé e, ọba ló fúyẹ́ jù.

Nítorí náà, tí aláṣẹ kan bá sọ fún mi pé Confucius ní kí aráàlú máa gbọ́ràn, mo máa ń fẹ́ mọ apá tó kà. Ojúṣe tí Confucius ń wí, ẹsẹ̀ méjì ló ní. Ó ní kí ọba ṣe bí ọba, kí ìjòyè ṣe bí ìjòyè, kí bàbá ṣe bíi bàbá, kí ọmọ ṣe bí ọmọ. Lẹ́nu àwọn aláṣẹ, ọmọ àti ìjòyè nìkan ló máa ń kù.

Àmọ́ kì í ṣe àwọn aláṣẹ nìkan ló ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Àlébù kan wà nínú rẹ̀ gan-an, àwọn obìnrin sì ni wọ́n jìyà rẹ̀ jù. Nínú ìbátan márùn-ún tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, ọkọ àti aya wà níbẹ̀, ó sì hàn sí gbogbo èèyàn ẹni tó wà lókè. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ Ṣáínà fi ń pariwo ní ọdún 1919 àti lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n wó ilé ìtajà Confucius lulẹ̀. Ní Kòríà Gúúsù, ìlànà kan tó ń jẹ́ hoju ní ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí ilé nínú ìwé ìjọba. Bí ọkọ bá kú, ọmọkùnrin tó fi sílẹ̀, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, ló máa di olórí ìyá rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn àgbà ẹlẹ́kọ̀ọ́ Confucius jáde wọ́de pé bí wọ́n bá fagi lé e, ẹbí tú ká nìyẹn. Ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ náà ní kò bófin mu lọ́dún 2005, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008. Ẹbí ò tú ká. Àwọn ará Kòríà ṣì ń lọ sílé lọ́jọ́ ọdún, wọ́n ṣì ń forí balẹ̀ fún òbí.

Ohun tí àwọn tó ń pariwo ẹ̀tọ́ náà lè kọ́ lọ́dọ̀ Confucius kò kéré, ilẹ̀ Áfíríkà sì mọ̀ ọ́n. Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1981, tí Nàìjíríà sì sọ di òfin lọ́dún 1983, fi ojúṣe kún ẹ̀tọ́. Ẹ̀ka 29 rẹ̀ ní kí olúkúlùkù máa bọ̀wọ̀ fún òbí rẹ̀ nígbà gbogbo, kó sì máa tọ́jú wọn tí wọ́n bá ṣaláìní. Singapore ṣe òfin tó fún òbí tó ti dàgbà láyè láti gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ọmọ lọ́dún 1995. Ṣáínà fi kún tiẹ̀ lọ́dún 2013 pé kí ọmọ máa yà wò òbí rẹ̀ déédéé. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé òfin ló wá ń sọ ọ́. Àmọ́ kò sí ohun tó ní kí ẹni tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ má lè dìbò, tàbí kí ẹni tó ń kọ̀wé ta ko ìjọba má lè kí bàbá rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí àgùntàn. Èmi náà rò tẹ́lẹ̀ pé ìtàn yẹn ló burú jù fún Confucius, àfi ìgbà tí mo ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà láàárín ọdún 1966 sí 1976. Nígbà yẹn, ìjọba ń yin ọmọ tó bá fẹjọ́ òbí rẹ̀ sùn. Àwọn ọmọ sì fẹjọ́ sùn, nítorí ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ nídìí oúnjẹ, nítorí àwòrán Mao, olórí wọn nígbà náà, tí ìyá fà ya. Àwọn òbí kan bá a lọ. Ọkùnrin olóòótọ́ ti ìjòyè yẹn ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Confucius ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan tí ìjọba ò gbọ́dọ̀ kọjá. Òfin Ṣáínà ti mọ ẹnu ọ̀nà yẹn láti ọdún 66 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí ọba Xuan pàṣẹ pé kí wọ́n má fìyà jẹ ọmọ tó bo òbí rẹ̀ láṣìírí. Lọ́dún 2012 wọ́n tún dá díẹ̀ padà sínú òfin: ilé ẹjọ́ ò lè fi tipátipá mú ọkọ, aya, òbí tàbí ọmọ wá jẹ́rìí ta ko ẹni wọn. Ìkéde ọdún 1948 náà ní kí ẹnikẹ́ni má da ilé àti ẹbí onílé láàmú.

Àmọ́ ta ló ni àgùntàn? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ilé-ẹjọ́ yẹn kan náà ní Kòríà Gúúsù. Láti ọdún 1953, òfin ilẹ̀ wọn ti sọ pé tí ìbátan tó sún mọ́ni bá jí owó ẹni, kò ní jìyà. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí ẹbí parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Lára àwọn tó pẹjọ́ ni ọkùnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, tí wọ́n sì ná owó rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tó máa bá a parí ohunkóhun nínú ilé yẹn. Àwọn tó yẹ kó gbà á ni wọ́n jà á lólè. Àwọn adájọ́ ní òfin náà kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́, torí ó fi ẹni tí kò lágbára sílẹ̀ láìní olùgbèjà. Mi ò rí i nínú ìròyìn pé ẹnikẹ́ni dárúkọ Mencius nílé ẹjọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tó fẹ́ já sí kànga ni mo rí, ẹbí rẹ̀ ló sì wà lẹ́bàá kànga.